Àkànní, Ta Lẹ Fẹ́ Lé Kúrò Nídìí Rédíò?

Mo ti gbọ́. Má wulẹ̀ wo ojú ìyá rẹ, òun kọ́ ló tú àṣírí. Ìwọ fúnra rẹ lo gbé e sórí status WhatsApp rẹ lálẹ́ àná pé ohùn tuntun ń bọ̀ lórí rédíò yín, o ya iná sí i, o ya gìtá sí i. Àbí o ti gbàgbé pé nọ́ńbà mi wà lórí fóònù rẹ? Jókòó síbí, ọkọ mi. Ọbẹ̀ ń hó lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ lo máa kọ́kọ́ fi panu.

Nígbà tí wọ́n fi ọ́ ṣe ọ̀gá àwọn tó ń ṣètò lórí rédíò yẹn, ta ló kọ́kọ́ jó? Èmi ni. Mo sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ àbúrò mi ló ń pàṣẹ orin tí Ìbàdàn fi ń jí báyìí. Mi ò mọ̀ pé àṣẹ àkọ́kọ́ tó máa ti ẹnu rẹ jáde ni pé kí wọ́n kó Haruna Ishola àti Túndé Nightingale àti I.K. Dairo síta, kí àyè lè gba àwọn ọmọ tí wọ́n bí lánàá. Láti ìdájí títí di ọ̀gànjọ́, orin ọ̀dọ́ nìkan! Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí!

Má tíì dá mi lóhùn, mo mọ ohun tó o fẹ́ wí. Àwọn tó ń gba ìpolówó fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ní Èkó wá jókòó tì yín, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀, wọ́n ní àwọn tó ń gbọ́ yín ti dàgbà jù, pé ẹni ọdún 18 sí 35 ni àwọn oníbàárà àwọn ń wá. Ẹ̀yin náà mi orí. Ó dùn ún gbọ́ létí, mi ò jiyàn. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ ní New York, mo sì wà níbẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀. Ó ṣojú mi kòró.

O mọ̀ pé iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mo ṣe ní gbogbo ìgbà tí mo fi gbé ní Bronx. Lọ́dún 2005, màmá kan ní Queens ni mò ń tọ́jú. Ó ní rédíò kékeré kan lórí fìríìjì ilé ìdáná rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, nítorí náà ó ti fi kútẹ́ẹ̀sì pupa sàmì sí ibi tí 101.1 wà lójú rédíò yẹn. Ẹni tó bá fọwọ́ kan bọ́tìnì rẹ̀, wàhálà dé. WCBS-FM lorúkọ rédíò tó wà lójú àmì náà. Láti July 1972 ni wọ́n ti ń lu orin àtijọ́ níbẹ̀, àwọn Supremes, àwọn Temptations, Four Seasons, Beach Boys, orin tí àwọn ará ìlú yẹn fi fẹ́ra wọn, tí wọ́n fi wẹ ọmọ, tí wọ́n fi ṣe òkú òbí. Àwọn orin náà ti mọ́ mi lẹ́nu débi pé mo ń kọ wọ́n bí mo bá ń gé àlùbọ́sà.

Nígbà tó ku oṣù kan péré kó pé ọdún 33, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, June 3, 2005, Frank Sinatra kọ Summer Wind parí lórí rédíò yẹn. Ohun tó wọlé tẹ̀ lé e ni ariwo àwọn Beastie Boys. Màmá kígbe láti pálọ̀ pé ta ló fọwọ́ kan rédíò òun. Mo ní Màmá, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Ó ní irọ́ ni mò ń pa, kí n wò ó dáadáa. Mo wò ó. Abẹ́rẹ́ inú rédíò náà dúró sórí kútẹ́ẹ̀sì gan-an, kò yẹ̀ síwájú, kò yẹ̀ sẹ́yìn. Ìkànnì wà níbi tó wà. Àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ ni wọ́n ti kó jáde.

Atọ́kùn ètò kankan kò dágbére. Lọ́jọ́ náà gan-an ni àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn gbọ́. Bruce Morrow, tí gbogbo New York ń pè ní Cousin Brucie, tí ohùn rẹ̀ ti wà létí àwọn èèyàn yẹn láti àwọn ọdún 1960, kò rí àyè sọ pé ó dàbọ̀. Micky Dolenz, ọ̀kan nínú àwọn Monkees ayé ijọ́un, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn fún ètò àárọ̀, òun náà dèrò ilé. Wọ́n wá gbé ohun kan tó ń jẹ́ Jack sípò wọn. Jack kì í ṣe èèyàn o. Orúkọ lásán ni, láti Canada ló ti wá. Kò sí atọ́kùn, kò sí ẹni tó máa kí ọ káàárọ̀, ohùn kan tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ló ń ta ẹ̀fẹ̀ láàárín orin, tó ń fi yé ọ pé ohun tó bá wu òun lòun máa lù. Àkójọ orin rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún kan, ó po ti àtijọ́ àti ti tuntun pọ̀ bí àdàlù. Lọ́jọ́ kan náà, ilé-iṣẹ́ tó ni wọ́n, tí wọ́n ń pè ní Infinity nígbà yẹn, ṣe irú rẹ̀ fún rédíò WJMK ní Chicago.

Kí ló dé tí wọ́n fi ṣe é? Owó ni. Àwọn olùpolówó ọjà ní Amẹ́ríkà, ẹni ọdún 25 sí 54 ni wọ́n ń kà. Bó o bá ti pé 55, ìwọ tó o ti san gbèsè ilé tán, tí àwọn ọmọ rẹ ti kó kúrò lọ́dọ̀ rẹ, tí owó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń kù sí ọ lọ́wọ́, wọ́n pa orúkọ rẹ rẹ́. Mo bi ọmọ màmá yẹn léèrè ohun tó fà á, ó ní wọ́n gbà pé àgbàlagbà ti mọ ọṣẹ tó ń rà, ìpolówó kò lè yí i padà mọ́. Irọ́ tó jìnnà sóòótọ́! Èmi tó jókòó níwájú rẹ yìí, mélòó ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí mo ti pààrọ̀? Ta ló ní kí n ra bọ́tà tuntun yẹn, tí mo rà tí gbogbo yín ò jẹ? Rédíò ni!

Àṣìṣe wọn kò sí nínú ìṣirò ọjọ́ orí. Ìyẹn lè jẹ́ òótọ́. Ibi tí wọ́n ti ṣì í ni pé wọ́n rò pé bí ogún èèyàn bá gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde, ogún mìíràn á ti dúró ní iwájú tí wọ́n ń kanlẹ̀kùn. Kò rí bẹ́ẹ̀, Àkànní. Ẹni tó máa lọ, lójú ẹsẹ̀ ló ń lọ. Bí orin kejì ṣe ń dún ló ti yí bọ́tìnì. Ẹni tó o fẹ́ kó wá ńkọ́? Kò tilẹ̀ mọ̀ pé o wà. Fún ọdún mẹ́wàá ló ti mọ̀ pé rédíò ìyá òun nìyẹn, kì í sì í yí i síbẹ̀. Ta ló máa lọ sọ fún un pé ẹ ti yí padà? Ẹ̀yin ni, pẹ̀lú owó, lórí pátákó ńlá lójú títì, lórí Instagram, fún oṣù púpọ̀. Láàárín kí àwọn ti àtijọ́ lọ tán àti kí àwọn tuntun dé, kí lẹ máa fi ra epo jẹnẹrétọ̀?

Ìlú New York gbaná jẹ. Wọ́n gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn pé Michael Bloomberg tó jẹ́ olórí ìlú náà nígbà yẹn pàápàá bínú. Àwọn èèyàn ń pe tẹlifóònù, wọ́n ń kọ lẹ́tà. Ìyẹn ti ariwo. Ti iye olùgbọ́ ló wá dùn wọ́n. Arbitron ló ń ka olùgbọ́ fún wọn lọ́hùn-ún: wọ́n á fi ìwé kékeré kan ránṣẹ́ sí ọ, ìwọ á máa kọ rédíò tó o gbọ́ àti àkókò tó o fi gbọ́ ọ sínú rẹ̀. 101.1 kò pọ̀ nínú ìwé yẹn mọ́. Ó já wálẹ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, owó ìpolówó tí wọ́n torí rẹ̀ lé àgbà náà já wálẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń retí ti gbé iPod sínú àpò, Jack tó ń da orin pọ̀ fún wọn, ohun tí wọ́n ń ṣe fúnra wọn nìyẹn.

Nígbà tó di 2007, ilé-iṣẹ́ náà ti ń jẹ́ CBS Radio, Dan Mason ló sì ti di olórí rẹ̀. July 12 ọdún náà, ní aago kan kọjá ìṣẹ́jú kan ọ̀sán, 1:01 gẹ́lẹ́ kó lè bá 101 mu, wọ́n dá CBS-FM padà. Beach Boys ni wọ́n fi ṣílé, orin tó ń jẹ́ Do It Again. Ara wọn ni wọ́n ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Bob Shannon padà sídìí ẹ̀rọ. Jack, wọ́n tì í sí ìkànnì ẹ̀gbẹ́ kan tó jẹ́ pé àfi ẹni tó bá ní rédíò HD ló lè gbọ́ ọ. Ọdún méjì àti oṣù kan ni wọ́n fi ná owó láti padà síbi tí wọ́n ti kúrò. Kì í sì í ṣe gbogbo èèyàn ló bá wọn padà. Cousin Brucie ti bá Sirius lọ, àwọn tó ń gbé rédíò gba orí sátẹ́láìtì. Màmá tèmi ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Florida.

Kí lo sọ? Gbóhùn sókè, etí mi kò di ṣùgbọ́n ẹ̀rọ amúlétutù yìí ń pariwo. Ẹ̀n-ẹ́n. O ní Jack ṣe dáadáa ní ibòmíràn. Òótọ́ ni! Ó dára tó o kà á. Ní Los Angeles, ilé-iṣẹ́ kan náà yí 93.1 padà sí Jack ní March 2005, kó tó di ti New York, ó sì rọ́wọ́ mú, ó pẹ́ níbẹ̀ dáadáa. Èyí tí wọ́n yí níbẹ̀, lójú tèmi, ọwọ́ àwọn olùgbọ́ rẹ̀ ti ń tú tẹ́lẹ̀. Ti New York, àwọn èèyàn ṣì dì í mú gírígírí. Ìyẹn ni mo fi ń bi ọ́: ti ẹ̀yin, ṣé ọwọ́ àwọn èèyàn ti tú lára rẹ̀, tàbí àwọn tó dì í mú ni ojú yín kò gbà?

Ọ̀la, bó o bá ń lọ síbi iṣẹ́, yà lọ́dọ̀ aránṣọ mi ní Òkè-Àdó. Rédíò rẹ̀ wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí. Bọ́tìnì tí wọ́n fi ń wá ìkànnì ti já dànù tipẹ́, ihò ló kù níbẹ̀. Bí wọ́n bá máa yí i, àfi kí wọ́n ki ẹnu sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í yí i. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí wọ́n á fi tilẹ̀kùn, ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ márùn-ún ló ní, èyí tó dàgbà jù nínú wọn kò tíì pé 23. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn mọ orin Àyìnlá Ọmọwúrà, ẹni tó ti kú láti May 1980. Wọ́n á máa gbè é bí wọ́n bá ń tẹ ẹ̀rọ, ọ̀kan nínú wọn mọ ibi tí ìlù ti máa yí kó tó yí. Ta ló kọ́ wọn? Rédíò yín ni!

Ṣé o wá rí i? Àwọn ọ̀dọ́ tí àwọn ará Èkó ní kí ẹ lọ wá, wọ́n ti wà nílé yín. Ọ̀gá wọn ló mú wọn wá. Lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe irun, lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń lọ ata, wàá bá a bẹ́ẹ̀: àgbà kan ló ni rédíò, ọmọdé mẹ́rin ló ń gbọ́ ọ. Àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò, ẹni tó ni rédíò nìkan ni wọ́n kà. Lọ́jọ́ tí aránṣọ mi bá ki sísọ́ọ̀sì bọ ihò yẹn, gbogbo wọn, ẹni mẹ́fà, ló máa bá a lọ sí ìkànnì mìíràn, kò sì ní ki sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì láti wá yín wá.

Ọmọ ogún ọdún tó fẹ́ràn Asake, ṣé ó máa dúró kí ìwọ tó lù ú fún un ni? Ó wà lórí Boomplay, ó wà lórí Audiomack, ó wà lórí YouTube. Kí ẹ tó rí i gbà sílé, ó ti sú u. Bó bá wọ mọ́tò, ó ti so fóònù rẹ̀ mọ́ ọn. Má sì rò pé mi ò mọ Asake o, mo mọ̀ ọ́n, mo fẹ́ràn rẹ̀, fújì ló wà nídìí ohun tó ń ṣe. Orin Haruna Ishola tí wọ́n ṣe sórí àwo ní ọdún 1960s, tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan wá jókòó láti sọ ẹni tí wọ́n kọ ọ́ kì, ìdílé rẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín wọn, ìyẹn ni fóònù kò lè ṣe fún un. Ohun kan ṣoṣo tí ẹ ní tí àwọn yòókù kò ní, òun lẹ fẹ́ kó dànù.

Mo sì ń sọ ọ́ kí n má baà gbàgbé: àwọn àwo tó wà nínú yàrá yẹn, bí mo bá gbọ́ pé ẹ kó wọn síta fún òjò, èmi àti ìwọ kò ní bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́. Haruna Ishola fi owó ara rẹ̀ dá Phonodisk sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní 1979 kí orin wa má baà máa gba òkè òkun lọ kó tó di àwo. Ṣé kí ọmọ tèmi wá kó iṣẹ́ rẹ̀ sórí ààtàn?

Tún wo àwọn tó ń san owó oṣù yín gan-an. Kì í ṣe báńkì. Alágbo ni! Mo máa ń gbọ́ yín láti ìdájí: oògùn làkúrègbé, oògùn jẹ̀díjẹ̀dí, oògùn ẹ̀yìn dídùn, oògùn ojú. Ọmọ ọdún 19 wo ló ní làkúrègbé? Lọ́jọ́ tí alágbo bá lu ìpolówó oṣù kan láàárín orin àwọn ọmọdé, tí aago rẹ̀ kò dún, ibi tí àwọn eléékún dídùn sá lọ ló máa gbé owó rẹ̀ bá. Lẹ́yìn alágbo, ìkéde òkú. Lẹ́yìn ìkéde òkú, ìkíni ọjọ́ ìbí àwọn bàbá àti ìyá tó pé àádọ́rin ọdún, tí àwọn ọmọ wọn tó wà nílùú òyìnbó fi owó ránṣẹ́ fún. Ta ni wọ́n ń ṣe é fún kó gbọ́? Àwọn tó ti san owó sílẹ̀ de oṣù mẹ́ta fún ètò àpàlà ńkọ́, kí lẹ máa sọ fún wọn? Ilé-iṣẹ́ ńlá Èkó tó ṣèlérí, ṣé ó ti san kọ́bọ̀? Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ ti dáhùn.

Ìgbà kan wà tí ọ̀gá rédíò lè ṣe bó ṣe wù ú. Bàbá wa ní àpótí Rediffusion nílé, ìyá rẹ kò lè rántí, ó ṣì kéré. Wáyà ni wọ́n fi ń fa ohùn wọlé bíi ti iná mànàmáná. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Èkó ní 1935, ó dé Ìbàdàn ní 1939. Kò ní bọ́tìnì tí wọ́n fi ń wá ìkànnì, ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ nìkan ló wà. Bó o bá bínú, pa á. Ìgbà tí Raypower dé ní 1994 ni a tó mọ̀ pé ẹlòmíràn tó yàtọ̀ sí ìjọba lè ní rédíò nílẹ̀ yìí. Lónìí, rédíò Ìbàdàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju ilé epo lọ. Awakọ̀ Micra láti Mókọ́lá dé Ìwó Road lè yí i lẹ́ẹ̀mẹ́fà kí ó tó já èrò kan sílẹ̀.

Ó tún ku ohun kan, òun ló ń bà mí lẹ́rù jù. Bàbá tó ń ṣe ètò àpàlà yín láàárọ̀ Sátidé. Ṣé o mọ̀ pé tirẹ̀ làwọn olùgbọ́ yẹn kí wọ́n tó jẹ́ tiyín? Jẹ́ kí n sọ ti Chicago fún ọ. Keresimesi 1978 ku ọ̀la, rédíò kan tó ń jẹ́ WDAI jáwọ́ nínú orin rock, ó gba disco. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Steve Dahl, òun ló ń ṣe ètò àárọ̀ wọn. Ó kọjá sí WLUP nínú ìlú kan náà, ó sì sọ disco di ọ̀tá. July 12, 1979, ó pe àwọn olùgbọ́ rẹ̀ sí Comiskey Park, pápá tí White Sox ti máa bá Detroit gbá baseball lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá mú àwo disco lọ́wọ́ wá, sẹ́ǹtì 98 ló máa fi wọlé. Wọ́n kó àwọn àwo náà sínú àpótí láàárín pápá, wọ́n fi ohun abúgbàù fọ́ wọn yángá. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ya bo pápá, wọ́n ba ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́, wọn kò lè gbá ìdíje kejì mọ́, wọ́n gbé e fún Detroit. Mi ò yìn ín o. Orin àwọn aláwọ̀ dúdú pọ̀ nínú ohun tí wọ́n fọ́ lọ́jọ́ náà, mo sì mọ irú ìkórìíra tó máa ń fara pamọ́ sábẹ́ irú ìbínú bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wo ibi tí agbára rẹ̀ ti wá: ẹni tí wọ́n tì síta lánàá ló ń darí àwọn èèyàn yẹn. Láàárín 1980, WDAI fúnra rẹ̀ ti jáwọ́ nínú disco.

Bàbá yín kò ní fọ́ àwo, ó ti dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó máa ṣe ni pé ó máa sọdá sí rédíò kejì, ó máa ra wákàtí kan níbẹ̀, àwọn alágbo rẹ̀ á tẹ̀ lé e, aránṣọ mi á ki sísọ́ọ̀sì bọ ihò.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní Peckham á sọ fún ọ pé BBC ṣe é. Wọ́n ṣe é lóòótọ́. Ní 1993 tí Matthew Bannister gba Radio 1, ó ní rédíò tó bá jẹ́ ti ọ̀dọ́ kó jẹ́ ti ọ̀dọ́. Dave Lee Travis tó jẹ́ atọ́kùn níbẹ̀ fiṣẹ́ sílẹ̀ lórí afẹ́fẹ́, Simon Bates ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, olùgbọ́ tó lọ kọjá kékeré, mílíọ̀nù ni wọ́n fi ń kà á. Àwọn akọrin Status Quo tiẹ̀ gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ ní 1996 torí pé wọn kò lu orin wọn, ẹjọ́ náà kò gbè wọ́n. Radio 1 kò kú. Ṣùgbọ́n owó tí gbogbo ilé tó ní tẹlifíṣọ̀n ń san ní Britain ni wọ́n ń ná, wọn kò ní alágbo kankan tí wọ́n ń bẹ̀rù. Radio 2 sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn níbi tí àgbà lè kọjá sí láìkúrò lágbo ilé. Ẹ̀yin, níbo ni yàrá kejì yín wà?

Mi ò ní kí ẹ má yí padà. Bí ẹ bá jókòó síbi tẹ́ ẹ wà, àwọn olùgbọ́ yín á máa kú lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyẹn náà kò dára. CBS-FM gan-an ti ń yí padà díẹ̀díẹ̀ kí orí wọn tó dàrú: ètò doo-wop tí Don K. Reed ń ṣe lálẹ́ ọjọ́ Àìkú láti 1975, wọ́n ti dá a dúró ní 2002. Inú àwọn èèyàn kò dùn, àmọ́ wọn kò wọ́ lọ bí ti 2005. Nígbà tí wọ́n sì padà ní 2007, orin ọdún 1950s kò pọ̀ mọ́, ti 1970s àti 1980s ló gba àyè, ariwo náà kò sì tó ti 2005. Wọ́n ti mọ̀ pé àgbà tuntun ń dàgbà bọ̀. Ìwọ náà, àwọn tó wà ní ilé-ìwé gíga nígbà tí Barrister ń lu fújì Garbage ti ń sún mọ́ ọjọ́ ìfẹ̀yìntì báyìí. Àwọn ni kẹ́ ẹ fi kún un! Alẹ́, láti aago mẹ́jọ, ẹ fún àwọn ọ̀dọ́, kò sí ẹni tó máa bá yín jà; àgbà ti ń wo tẹlifíṣọ̀n nígbà yẹn. Ẹ lu Asake, kẹ́ ẹ sì lu fújì tó ti gbé e wá lẹ́yìn rẹ̀, kí atọ́kùn sọ bí wọ́n ṣe tan. Ẹ lu èyí tí Wizkid àti Femi Kuti jọ kọ, ọmọ àti bàbá á jọ gbọ́ ọ. Ẹ dán an wò fún oṣù mẹ́ta, kẹ́ ẹ ka ìpè tó wọlé, kẹ́ ẹ ka owó. Àárọ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Sátidé, mo bẹ̀ ọ́ ní orúkọ ìyá rẹ, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ìwé tí ọ̀gá yín ní kó o buwọ́ lù lọ́jọ́ Ajé, gbé e wá sílé kí n kà á. Má bínú, èmi ló kọ́ ọ ní ìwé kíkà. Kó o tó ṣe ìyẹn, lọ sọ́dọ̀ Bàbá lónìí yìí nílé rẹ̀. Dọ̀bálẹ̀ dáadáa, kì í ṣe ìdọ̀bálẹ̀ onífóònù lọ́wọ́ tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń dọ̀. Sọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń gbèrò fún un láti ẹnu ara rẹ, kó má ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Bi í léèrè irú ẹni tó ń pè é láàárọ̀ Sátidé, ibi tí wọ́n ti ń pè, ọjọ́ orí wọn. Àwọn ará Èkó kò bi í, ọ̀gá yín náà kò sì bi í. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi bí o kò bá ní i.